Ẹ̀mú tí kò lè di ìyẹ́ mú

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mú ìyẹ́ yìí ti sú mi pátápátá. Màá fi ìwọ̀ há fáìsì, irinṣẹ́ tó ń di ìwọ̀ mú gírígírí, lẹ́nu kí n lè de eṣinṣin àtọwọ́dá tí a fi ń tan ẹja, màá fara balẹ̀ ṣa ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tó gún régé, màá fi òwú dè é mọ́ ìwọ̀. Màá wá fi ẹ̀mú di ìyẹ́ náà mú kí n lè yí i ká ìwọ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀mú ti yọ̀, gbogbo rẹ̀ ti tú! Bí kò bá sì yọ̀, á gé igi ìyẹ́ náà bí abẹ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni irinṣẹ́ yìí ní láyé: kó di ìyẹ́ mú títí a ó fi yí i tán. Kí ló wá dé tí wọ́n ń tà á pẹ̀lú ẹnu tó mú ṣóṣó? Bẹ́ẹ̀ ni, a lè fi sáńpépà kíkúnná ha etí ẹnu rẹ̀, a sì lè ki rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo sanwó ni kí n tún parí iṣẹ́ ẹni tó ṣe é?

Ẹ má wo dídán rẹ̀ o. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi ìyẹ́ há a lẹ́nu, ẹ rọra fà á. Èyí tó ní sípíríǹgì lára ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí ó máa ń dẹ̀ díẹ̀ bí ọwọ́ bá fà jù.

Lánàá nìkan, ìyẹ́ mẹ́rin ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹ́rin!