Ẹ Jẹ́ Kí Búrẹ́dì Wú Nínú Fíìmù

Bí fíìmù kan bá ní ìtàn oníbúrẹ́dì lòun fẹ́ sọ, ọwọ́ òṣèré ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Bó bá gbé fúláwà pípò tó ti wú tán, tó gbá a mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, tó fọ́n fúláwà gbígbẹ yàà lé e lórí, tó sì tì í sínú ààrò lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé wọn ò bi oníṣẹ́ léèrè nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí yíìsì, èròjà tó ń mú fúláwà wú, fi wákàtí kan kó jọ ló gbá dànù yẹn, kò sì fún un láyè kó tún wú lẹ́ẹ̀kejì. Búrẹ́dì tó bá ti ibẹ̀ jáde á le, á wúwo, fúláwà gbígbẹ á sì ṣe ìlà funfun sára rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìran tó tẹ̀ lé e, èyí tó wú dáadáa, tó pọ́n rúsúrúsú, la máa rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò ọkàn mi ni pé eré ti wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àwọn tó ń ṣe fíìmù kàn ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Bí a bá lè yọ búrẹ́dì kúrò, ká fi aṣọ títà rọ́pò rẹ̀, tí ìtàn ò sì yẹ̀, fíìmù oníbúrẹ́dì kọ́ nìyẹn. Marcel Pagnol, olùdarí fíìmù, ti mọ èyí ní Faransé láti 1938. Nínú La Femme du boulanger, ìyàwó Aimable, oníbúrẹ́dì abúlé kan, bá darandaran sá lọ, Aimable sì ní òun ò yan búrẹ́dì mọ́ àfi bí ìyàwó òun bá padà. Abúlé tí wọn kì í gbọ́ra wọn yé wá pawọ́ pọ̀ láti wá obìnrin náà rí. Ẹ yọ búrẹ́dì kúrò níbẹ̀, kò sí ìtàn mọ́.

Ofir Raul Graizer náà ṣe é nínú The Cakemaker ní 2017. Thomas, ọmọ Jámánì tó ń ṣe kéèkì, lọ sí Jerúsálẹ́mù lẹ́yìn ikú ọkùnrin tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá ìyàwó tí olóògbé náà fi sílẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé oúnjẹ láìsọ ẹni tóun jẹ́. Ilé oúnjẹ kosher ni, ìyẹn èyí tó ń tẹ̀ lé òfin oúnjẹ àwọn Júù. Òfin ẹ̀sìn ibẹ̀ ò gbà kí ẹni tí kì í ṣe Júù lo ààrò, bẹ́ẹ̀ ààrò nìkan ni ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n fi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo olùdarí eré jókòó wò ni An, tí Naomi Kawase ṣe ní Jàpáànì ní 2015. Dorayaki ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kéèkì pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa aládùn sáàárín. Ẹ̀wà tí iléeṣẹ́ ti sè ni Sentaro, ọkùnrin tó ń ta dorayaki náà, ń rà, kí Tokue, ìyá àgbà tí àrùn ẹ̀tẹ̀ ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, tó wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Kawase ò sáré. A rí ẹ̀wà rírẹ, a rí i tí wọ́n sè é, tí wọ́n da omi nù, tí wọ́n tún sè é jẹ́jẹ́, tí ìyá náà sì fojú sún mọ́ ìkòkò. Ẹ̀yìn ìgbà tó rọ̀ ni ṣúgà tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ, nítorí bí ṣúgà bá tètè wọ ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀, èèpo rẹ̀ á le, ó sì lè má rọ̀ mọ́. Sùúrù ìyá yẹn nídìí ìkòkò ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún wa kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Nígbà tí àwọn oníbàárà wá gbọ́ nípa ẹ̀tẹ̀ náà tí wọn ò yà mọ́, ó dùn wá wọra, nítorí a ti rí ohun tí ọwọ́ yẹn lè ṣe.

Mo gbà pé kò rọrùn láti ya iṣẹ́ yìí. Fúláwà pípò kì í dúró de kámẹ́rà. Ẹ mú fúláwà kílò kan, omi gírámù 650, iyọ̀ 20, yíìsì gbígbẹ 10. Ní dígírì 26, á di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ wá gbé e sábẹ́ iná ńláńlá tí wọ́n fi ń ya fíìmù, kó gbóná dé 32: kí olùdarí tó ní kí wọ́n tún ìran náà ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti wú kọjá ààlà, ó ti ń rùn kíkan, bí abẹ bá sì kàn án, á rọ̀ wọlẹ̀. Kí wọ́n po mẹ́rin, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí wọ́n kó àwọn tó ń dúró sínú fíríìjì ní dígírì 4. Òtútù ò ní dá wíwú dúró pátápátá, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni, nítorí náà kí ẹnì kan máa kọ aago sára abọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìran ààrò ló burú jù. Olùdarí á fẹ́ kí iná tàn sójú òṣèré, wọ́n á bá ṣí ilẹ̀kùn ààrò gbayawu bí búrẹ́dì ṣe wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ooru omi inú ààrò ń jẹ́ kí èèpo rọ̀ kí búrẹ́dì lè gbèrú. Bí ooru omi yẹn bá jáde, èèpo á le láìtọ́jọ́, inú tó ṣì fẹ́ wú á sì bẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lo ààrò mìíràn tó ṣófo fún ojú òṣèré. Àti búrẹ́dì tí wọ́n máa ń gé ní gbígbóná kó lè máa rú èéfín: inú rẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 95 nígbà yẹn, kò tíì dì, ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ.

Aago ni mo tún fi ń mọ ẹni tó ṣèwádìí. Oòrùn á ti yọ, oníbúrẹ́dì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa po fúláwà, oníbàárà á sì wọlé wá ra búrẹ́dì nínú ìran kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: pípò, ìṣẹ́jú 15, wíwú àkọ́kọ́, 90, gígé àti mímọ, 20, wíwú kejì, 50, ààrò, 40, títutù, 60. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 35 nìyẹn. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ń ṣí ní aago mẹ́fà, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú fúláwà kó tó di aago kan ààbọ̀ òru. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń jí lòun ń wá ibi tó máa sùn sí. Bí ọmọ bá ti iléèwé dé, ojú oorun ló máa bá bàbá rẹ̀. Ìjà inú ilé, ìfẹ́ tó ń yingin, ọmọ tó ń dàgbà láìmọ bàbá rẹ̀ dáadáa, inú ìṣirò yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Kí òǹkọ̀wé eré kọ àwọn wákàtí wọ̀nyí sílẹ̀ ná, kó tó fi ọ̀rọ̀ kankan sí oníbúrẹ́dì lẹ́nu.