Ọmọ Òkun Lọ Wo Òkun

Bí Àjíǹde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá mọ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ́, láti Kàbà dé Ìsánlú nílẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ti ń dá owó Àgbádárìgì. Owó ankara ló ń kọ́kọ́ pé, tọkọ̀ a tẹ̀ lé e. Towó oúnjẹ, ó di Ọ̀wọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí. "Òkun o!" ni wọ́n ń kí ara wọn wọnú ọkọ̀ láago mẹ́rin òru, òkun ọ̀hún náà ni wọ́n ń lọ wò.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, kọ́ parí ní 1845, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ń gbà wọ́n. Bíbélì Yorùbá ti Crowther wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí i, kí kámẹ́rà lè rí ojú. Nílé tí Séríkì Abass ń kó ẹrú sí, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n á fi kọ́rùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí wọ́n tún un yà, gèlè ti wọ́.

Erékùṣù Gberefu gan-an niṣẹ́ wà. Ọkọ̀ ojú omi á gbé wọn sọdá ọ̀sà, ìyókù dọwọ́ ẹsẹ̀: bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú iyanrìn, bàtà gogoro sì ni wọ́n wọ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ á rì, wọ́n á fà á, á já. Wọ́n á bọ́ ọ, iyanrìn ọ̀sán gangan á jó wọn látẹ́lẹsẹ̀. Àsìkò náà ni fọ́tò yá, tí oòrùn wà láàárín orí, tí ojú kálukú dúdú bí ìdí ìkòkò. "Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀," ayàwòrán á wí. Ìgbì ibẹ̀, bó bá ń bọ̀, ẹ̀rín ni. Bó bá ń padà ló ń wa iyanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀. Léèsì á rin, fóònù á mu omi iyọ̀. Ìṣẹ́tí oníyanrìn ni wọ́n tún fi ń nu gíláàsì rẹ̀, ó ha yánnayànna.

Kànga kan wà lọ́nà etíkun yẹn. Wọ́n ní wọ́n ń fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kó lè gbàgbé ilé. Ìgbàgbé tiwọn ò nílò omi. Ogun Núpé kó lára àwọn baba ńlá wọn lọ, irin tó ń sàmì ibi tí wọ́n ti dá ẹrú sílẹ̀ sì wà ní Lọ́kọ́jà, lọ́gbà iléèwé Holy Trinity, ní ìlú tí wọ́n ń sáré ìwé owó oṣù lọ lójoojúmọ́. Ṣé wọ́n ti yà síbẹ̀ rí?

"Kò mà sí etíkun níbẹ̀."