Àtúnṣe lórí pọ́ǹpù kejì nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀

Ẹnìkan sọ pé bí ẹni tó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní Òṣogbo bá ti so pọ́ǹpù kejì tó ń fa omi jáde mọ́ iná ilé, omi kò lè kún un mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ káàtó. Òjò ńlá gan-an ló sábà máa ń mú iná lọ, bí iná bá sì ti lọ, pọ́ǹpù méjèèjì ni yóò jọ dákẹ́. Bátìrì ni kí èkejì máa lò, kì í sì í ṣe bátìrì mọ́tò, nítorí pé kíá ni ìyẹn máa ń bàjẹ́ bí a bá ń lo agbára rẹ̀ tán léraléra. Kí bọ́ọ̀lù tó ń léfòó, èyí tó ń tan pọ́ǹpù kejì, ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n so bọ́ọ̀lù náà sí ìsàlẹ̀, tí pọ́ǹpù kejì ń ṣiṣẹ́ ṣáájú àkọ́kọ́, tí bátìrì sì ti kú kí iná tó lọ rárá.