Dọ́là márùn-ún péré, ẹ ti ń pariwo tẹ́tẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, torí tí mo bá sọ ọ́ nínú gúrúùpù WhatsApp wa, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan ló fi voice note ránṣẹ́ láàárọ̀ àná, gígùn ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, ohùn ẹ̀ bíi ti wòlíì orí òkè, pé òun ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lórúkọ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá mọ́. Tẹ́tẹ́ wo? Dọ́là márùn-ún tí kálukú ń dá, kó sì sọ iye tí Ohio State àti Michigan, yunifásítì méjì tó jẹ́ ọ̀tá ara wọn nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, máa gbá ní Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ ìsinmi Thanksgiving, tí gbogbo owó ẹ̀ sì ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní ládùúgbò wa. Gbogbo ẹ̀ ni mo wí o, kò sẹ́ni tó ń mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù, jẹ́sì kan la máa fún un, jẹ́sì yẹn náà sì rèé, ẹnì kan ló máa ń fi ta wá lọ́rẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Columbus, ìlú Ohio State, mọ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe máa ń rí. Téèpù pupa ni wọ́n fi ń fagi lé gbogbo lẹ́tà M tó wà lára ilé àti pátákó yunifásítì, torí M ló bẹ̀rẹ̀ Michigan. Àgbàlagbà o, tó gboyè ní yunifásítì! Nínú irú wèrè yìí, tẹ́ẹ bá ní kí èèyàn mú dọ́là márùn-ún wá, á mú un wá kẹ́ẹ tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ jẹ́ n rán yín létí ti 2024. Ohio State ni gbogbo wa gbé e fún, 38-10, 42-14, 45-7, torí àwọn tó gbọ́ bọ́ọ̀lù ń sọ pé bí ogún póìǹtì ni wọ́n máa fi lé Michigan. Mọ́mì kan wà níbẹ̀ tó wá láti Ìbàdàn, tí wọ́n wá bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ dá owó, pé ṣebí fún àwọn tí ebi ń pa ni. La bá ní kí Mọ́mì sọ tiwọn. Mọ́mì ní Michigan 3, Ohio State 1. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín! Ẹnì kan ní Mọ́mì, kì í ṣe Shooting Stars là ń wò o, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá lọ ni. Mọ́mì ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ti gbọ́, 3-1 náà ni.

Ó di ọjọ́ ìdíje, oṣù kọkànlá, ọgbọ̀n ọjọ́, nílé Ohio State fúnra wọn. Ẹ wo wàhálà. 10-10 ni wọ́n fi wọ ìsinmi, abala kejì, ará ilé ò rí póìǹtì kan jẹ mọ́, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ gbá a nù lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta, Michigan gbá tiwọn wọlé láàárín òpó, 13-10, ó parí. Wọ́n tún wá fẹ́ ri àsíá wọn mọ́ àárín pápá, ìjà bẹ́, ọlọ́pàá ń fín ata sáwọn ọmọ ọlọ́mọ lójú. Mọ́mì ní ṣé báyìí ni wọ́n máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà ni.

A wá ṣe ìṣirò. Òfin wa ni pé ká wo iye tóo fi yẹ̀ ní ẹgbẹ́ kìíní, ká wo ti ẹgbẹ́ kejì, ká pa á pọ̀. Mọ́mì fi 10 yẹ̀ ní ti Michigan, 9 ní ti Ohio State, 19 lápapọ̀. Ẹni tó sún mọ́ wọn jù kọ 31-13, tiẹ̀ jẹ́ 21. (Ẹ má bi mí lẹ́ni tó kọ 31-13 o. Mo ní kẹ́ẹ má bi mí.) Mọ́mì jẹ! Ariwo wá sọ, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ kan ní póìǹtì kan ṣoṣo, touchdown, ìyẹn kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá, mẹ́fà ni, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá láàárín òpó mẹ́ta ni, safety, ìyẹn kí wọ́n dá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dúró ní òpin pápá tiẹ̀, méjì ni, ibo ni Mọ́mì ti rí ẹyọ kan? Mo ní níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú òfin wa? A ò kúkú sọ pé iye tẹ́ẹ máa kọ gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe. Mọ́mì gbé jẹ́sì wọn relé, wọ́n ń wọ̀ ọ́ sùn ní Mọ́lété di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ẹni tó ń pe èyí ní tẹ́tẹ́ ò tíì rí tẹ́tẹ́. Èmi tí mo dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Baba Ìjẹ̀bú, mo mọ ojú ẹni tó ti fi owó ilé ìwé ọmọ ta nọ́ńbà. Láti oṣù kìíní 2023 ni Ohio ti fọwọ́ sí i kí èèyàn máa ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù, ìpolówó ẹ̀ ò jẹ́ ká gbádùn tẹlifíṣọ̀n mọ́, ẹ̀gbọ́n wa ò fi voice note kankan ránṣẹ́ nípa ìyẹn. Tá a bá ṣe ìkórè, tí wọ́n bá ń fi iṣu kan ṣoṣo lu gbàǹjo, tí Ọ̀túnba ń sọ igba dọ́là torí pé Balógun ti sọ àádọ́jọ, ìyẹn ńkọ́? Ìyẹn ìyìn Olúwa ni, àbí? Orúkọ wọn ni wọ́n máa kà lórí máíkì, òun nìyẹn.

Kì í sì ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Charity Bowl wà, tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì máa ń fi owó ránṣẹ́ sí New American Pathways ní Atlanta, àwọn tó ń ran àwọn tógun lé kúrò nílùú wọn lọ́wọ́ láti fìdí kalẹ̀. Iye tí wọ́n fi na ọ̀tá wọn ni wọ́n ń san. Ọmọ Michigan á san dọ́là 42 àti sẹ́ǹtì 27, kí ará Ohio lè rántí 42-27 tí Michigan fi nà wọ́n ní 2021. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi ara wọn ṣe, aláìní sì ń rí ilé gbé. Kí ló burú níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá há sí mi lọ́fun rèé. Ní ìparí voice note yẹn, ẹ̀gbọ́n ní ká rántí oṣù kejì ọdún yìí, nígbà tí fìríìsà ibi ìpínjẹ yẹn bàjẹ́, tí wọ́n kọ lẹ́tà pé ká gba àwọn. Ó ní mélòó nínú ẹ̀yin aláàánú tẹ́ẹ̀ ń sọ iye bọ́ọ̀lù ló dá owó nígbà yẹn? Inú bí mi, mo padà lọ wo gúrúùpù kí n lè fi já a nírọ́. Emoji àdúrà ló kún ibẹ̀, "Olúwa á ṣe é", "amin o". Ẹni tó fi ẹ̀rí owó síbẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ, ẹ̀gbọ́n yẹn ló kọ́kọ́ fi síbẹ̀, tiẹ̀ ló sì pọ̀ jù.

Kò sọ ọ́ di tẹ́tẹ́ o, mi ò gbà. Ṣùgbọ́n mo ti kọ èsì, mo ti pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Ṣé ká yọ jẹ́sì kúrò lọ́dún yìí ká wo ẹni tó máa dá owó ni àbí báwo? Ẹ bá mi dá sí i.