Ẹran tó kọ̀ tí ò rọ̀

Ẹ̀yin alápatà, kí la ṣe fún yín gan-an? Ẹ ó mú ọ̀bẹ dání, ẹ ó máa fi ìka tẹ ẹran níwájú èèyàn, ẹ ó máa búra, "Ìyá oníbàárà mi, ọ̀dọ́ màlúù ni o, tẹ́ ẹ bá ti gbé e kaná báyìí, ó ti jinná nìyẹn." Irọ́ gbuu! Màlúù tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ lẹ pa, ẹ sì mọ̀.

Ẹ̀fọ́ rírò ni mo fẹ́ sè o, kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́lé. Ẹran ẹsẹ̀ pẹ̀lú ṣàkì díẹ̀, mo bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, iyọ̀, táìmù àti Maggi, mo rọra rẹ iná sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹran ẹsẹ̀ kì í tètè jinná, ibi tí ẹranko fi ń rìn ni, iṣan ibẹ̀ pọ̀, iná jẹ́jẹ́ ló sì ń yọ́ iṣan yẹn títí á fi máa rọ̀ lẹ́nu, iná ńlá ò ran nǹkan kan, omi ló kàn máa gbẹ. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀, mo ṣe sùúrù. Àmọ́ sùúrù yìí náà ní ìwọ̀n! Mo bu omi sí i, mo tún bu omi sí i, mo fi fọ́ọ̀kì gún un, fọ́ọ̀kì ò wọlé, mo gé díẹ̀ sẹ́nu, mo jẹ ẹ́ títí àgbọ̀n fi ń ro mí, mo wá tu ú sọ́wọ́, bó ṣe wọlé ló ṣe jáde.

Gáàsì sì ń jó o! Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta kílò kan báyìí ni? Ẹran ọ̀hún gan-an ò wọ́n tó iná tó jẹ.

Ẹ tún wò ó, àwọn tó ń dáná lórí fóònù yìí, ọ̀rọ̀ yín wà lọ́kàn mi. "Ẹ jẹ́ kó hó fún ogún ìṣẹ́jú." Ogún ìṣẹ́jú kẹ̀! Wọ́n á de ìkòkò, wọ́n á gé fídíò, kí wọ́n tó ṣí i padà ẹran ti rọ̀ mùkẹ̀mukẹ, wọ́n wá ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ẹ fi gbogbo ẹ̀ hàn wá nígbà tó dáa!

Ẹnì kan nínú ilé wá ní kí n ju párásẹ́támọ̀ sí i. Sínú ọbẹ̀ ọmọ mi? NAFDAC ti pariwo títí pé ẹ má fi párásẹ́támọ̀ se ẹran, pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, síbẹ̀ àwọn olóńjẹ kan ṣì ń ṣe é, ẹ kàn máa jẹ ẹran tó rọ̀ bí kẹ́ẹ̀kì níta, ẹ ò ní bèèrè. Ká ní mo rí ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n ni, oje ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ níbo ni mo ti fẹ́ rí ìbẹ́pẹ lálẹ́?

Ṣọkọ tí mo ti bọ̀, tí mo ti fún, wà nínú asẹ́, ó ń wò mí. Àmàlà ti tutù, ojú ẹ̀ ti ń gbẹ. Àwọn ọmọ ń wọlé wọ́n ń jáde, "Mọ́mì, ṣé ó ti jinná?" Bàbá wọn ò tiẹ̀ bèèrè mọ́, ó ti bu gàrí sómi, ó da ẹ̀pà sí i, ó mu ún, ó lọ sùn.

Mo padà lọ bá alápatà yẹn láàárọ̀. Ẹ mọ ohun tó sọ fún mi? "Ìyá, bóyá iná yín ni ò tó."

Iná mi! Kó sanwó gáàsì mi fún mi o!