Bí A Bá Ń Sunkún, A Máa Ń Ríran

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, opó kan jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ń fi etí ìró nu ojú. Oṣù Karùn-ún ọdún yìí la sin ọkọ rẹ̀. Àwọn akọrin ń fi orin Kérésìmesì dánra wò lọ́wọ́ ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Ni àgbà obìnrin kan bá lọ dúró lé e lórí: "Ó tó báyìí, Ìyá Ìbejì. A kì í fi ẹkún pàdé ọdún. Àbí o fẹ́ ba ọdún jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ ni?" Opó náà kàn sọ pé, "Ẹ ṣeun, mà," ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dùn mí.

Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Omi ojú kì í fọ́ni lójú. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò ní kí a má sunkún. Ẹkún ni wọ́n tilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń sunkún ṣì lè rí ọmọ tó ń fa ìró rẹ̀, ó lè rí abọ́ oúnjẹ tí aládùúgbò gbé wá. Ta ló wá sọ fún wa pé ẹkún àti ọdún kò lè gbé yàrá kan náà?

Inú ìtàn Kérésìmesì gan-an ni ẹkún wà. Ẹ ṣí Mátíù orí 2. Àwọn amòye gbé wúrà àti tùràrí kalẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn lọ, ni Hẹ́rọ́dù bá ní kí wọ́n pa àwọn ọmọkùnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù láti ọmọ ọdún 2 wá sílẹ̀. Mátíù ní Rákélì sunkún àwọn ọmọ rẹ̀, kò gbìpẹ̀. Kò sí ibi tí Ìwé Mímọ́ ti bá a wí. Ìjọ Áńgílíkà àti Kátólíìkì ṣì ń rántí àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, nígbà tí ọbẹ̀ ọdún kò tíì tán nínú ìkòkò. Nínú ìwé Lúùkù ẹ̀wẹ̀, Ánà tó ń dúpẹ́ ní tẹ́ńpìlì nígbà tí wọ́n gbé Jésù wá, opó ni. Ọdún 7 péré lòun àti ọkọ rẹ̀ fi gbé pọ̀.

Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024 kò ní gbàgbé. Ọmọ 35 ló bá ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ níbi àríyá ọdún tí wọ́n lọ ní Baṣọ̀run, Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé. Ẹ wá fẹ́ kí ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa dáhùn "ẹ kú ìyèdún" tẹ̀ríntẹ̀rín? Ìyèdún! A ń kí ara wa pé a yè títí ọdún fi bá wa. Ẹni tí ọmọ tiẹ̀ kò yè, báwo ni kò ṣe ní gún un?

Kérésìmesì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi, ìyá wa dín adìẹ bó ṣe máa ń dín in. Iwe, ti bàbá ni nílé wa. Ìyá mi ti yọ ọ́ sórí àwo kékeré kan kó tó rántí pé kò sí ẹni tó máa gbé e fún. Ó gbé àwo náà sórí tábìlì, gbogbo wa ń wò ó, ìrẹsì ń tutù lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló wọlé bá wa. Ó rí iwe náà, kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé ọ̀bẹ, ó gé e sí márùn-ún fún àwa ọmọ márààrún, ó ní kí kálukú jẹ tiẹ̀, kó sì sọ ohun kan tí bàbá máa ń ṣe. Àbúrò mi kékeré ló bẹ̀rẹ̀: ó wúkọ́ bí bàbá ṣe máa ń wúkọ́ kó tó béèrè pé ta ló pa rédíò òun. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún, ẹkún tún di ẹ̀rín. Ọjọ́ yẹn la tó jẹun yó.

Ká ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn kò wá ńkọ́? Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwa náà sì ń fi ìyà yìí jẹ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, a kún àgbàlá wọn tòun ti aṣọ ẹbí, a jẹ, a mu, a di tàkìàwé lọ sílé. Ọdún dé, a ń gbé ìrẹsì kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn, a ní a kò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu ni. Irọ́ ni! Ojú tó wú la kò fẹ́ rí.

Ìwọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, má ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ra ohun tí agbára rẹ bá ká fún àwọn ọmọ. Bí ohùn rẹ bá há láàárín orin, jókòó, jẹ́ kí àwọn tó kù bá ọ kọ ọ́ parí. Bí ẹ̀rín bá sì bọ́ lẹ́nu rẹ, rín in. Ẹni tó bá ní o ti gbàgbé òkú rẹ, kò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ dúró lé opó yẹn lórí, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kí ọdún tó wọlé. Ẹ má lọ wàásù fún un o. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè orúkọ tí ọkọ rẹ̀ máa ń pè é, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi sọ ọ́.