Ẹ̀bùn Ẹ̀mí kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn ti dàgbà nínú ìgbàgbọ́

Láti Kábbà dé Mọ̀pà, títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Kogí níbí, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa onígbàgbọ́ ti gbà láìbéèrè: ẹni tó bá ń fèdè fọ̀, tó ń ríran, tó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, òun ló jinlẹ̀ jù nínú ẹ̀mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù lésìí. Bí ìran méjì tó rí bá ti ṣẹ, wọ́n á gbé àga síwájú fún un, àwọn tó bí irú rẹ̀ lọ́mọ á sì máa kúnlẹ̀ kó lè gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Ìyá tó ti ń bẹ aláìsàn wò láti ìgbà ọmọge rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ rí, wọ́n á ní onígbàgbọ́ dáadáa ni, àmọ́ kò lágbára.

Èrò yẹn kò bá Ìwé Mímọ́ mu, ó sì ń da ilé rú láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kọ́ríńtì. Ọdún kan àtààbọ̀ ni Pọ́ọ̀lù fi kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run (Ìṣe 18:11). Nínú ìwé 1 Kọ́ríńtì tó wá kọ sí wọn, ní nǹkan bí ọdún 55 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ó sọ ní orí 1, ẹsẹ 7, pé kò sí ẹ̀bùn kan tí wọ́n ṣaláìní. Èdè wà níbẹ̀, ìsọtẹ́lẹ̀ wà, ìwòsàn wà. Ẹ wá ṣí i dé orí 3. Ó ní òun kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí Ẹ̀mí ń darí, pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n, wàrà lòun fi bọ́ wọn torí pé oúnjẹ líle kò tíì yẹ fún wọn. Ìjọ kan náà ni o, ìwé kan náà ni! Kí ló fi mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n? Owú àti ìjà ló tọ́ka sí: èyí ní ti Pọ́ọ̀lù lòun, tọ̀hún ní ti Àpólò lòun. Ní orí 6, wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú àwọn aláìgbàgbọ́. Ní orí 11, nídìí oúnjẹ Olúwa pàápàá, ebi ń pa òtòṣì, ẹni tó jókòó tì í sì ti mutí yó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Sọ́ọ̀lù ọba. Ó ń sọ tẹ́lẹ̀ nínú ilé, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jù ú kó lè gún Dáfídì mọ́ ògiri (1 Sámúẹ́lì 18:10-11). Jésù fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní Mátíù 7 pé ọ̀pọ̀ àwọn tó fi orúkọ òun sọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n lé ẹ̀mí èṣù jáde, òun kò mọ̀ wọ́n rí.

Ẹ̀bùn, gbígbà là ń gbà á. Ọlọ́run lè fún ẹni tó gbàgbọ́ lánàá. Ìdàgbà kò ṣeé gbé léni lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ohun tí Gálátíà 5:22-23 kà sílẹ̀ ni kí a máa wò: ìfẹ́, ayọ̀, àlàáfíà, ìpamọ́ra, ìwà pẹ̀lẹ́, ìṣoore, ìgbàgbọ́, ìwà tútù, ìkóra-ẹni-níjàánu. Orí òkè àdúrà kọ́ ni a ti ń rí wọn. Nínú ilé ni, lóko ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín owó kajú ni. Ẹni tó fèdè fọ̀ mọ́jú, tí ilẹ̀ mọ́ tí kò yọwọ́ lórí ilẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ọmọ òrukàn, ọmọ ọwọ́ ni.

Pípẹ́ nínú ìjọ náà kò sì tó. Ọdún 1908 ni Thomas Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), dé Ẹ̀gbẹ̀, láti inú SIM yẹn ni ìjọ ECWA sì ti jáde. Àwọn kan nínú wa, bàbá bàbá wọn ti jẹ́ onígbàgbọ́. Àwọn tí Hébérù 5:12 ń bá wí náà ti pẹ́ tó ẹni tí í kọ́ni, síbẹ̀ a ṣì ń padà kọ́ wọn ní ìpìlẹ̀. Ẹsẹ 14 sọ ọ̀nà rẹ̀: àwọn àgbà ni àwọn tó ti fi ìlò kọ́ ọkàn wọn láti mọ ire yàtọ̀ sí ibi. Ìlò ni. Kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀, kó ṣe é nínú ohun kékeré, kí wọ́n bá a wí kó má torí ẹ̀ fi ìjọ sílẹ̀, kó san gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí. Ìpọ́njú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Róòmù 5 ní òun ló ń ṣiṣẹ́ sùúrù. Pọ́ọ̀lù alára, nínú Fílípì 3:12, ní òun kò tíì dé ibẹ̀.

Àwọn kan á ní mo fẹ́ pa iná Ẹ̀mí. Rárá o. Pọ́ọ̀lù ní òun ń fèdè fọ̀ ju gbogbo ará Kọ́ríńtì lọ, ó sì ní kí wọ́n máa fẹ́ ẹ̀bùn Ẹ̀mí. Èmi náà ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ní kí a má ṣe pa iná Ẹ̀mí náà, ní 1 Tẹsalóníkà 5, ó fi kún un pé kí a dán ohun gbogbo wò.

Àìdán-an-wò yìí ló ń dùn mí jù. Aríran kan tí kò ju ọmọdé lọ nínú ìgbàgbọ́ á sọ fún ìdílé kan pé ìyá àgbà wọn tó wà nílé ló di ọmọ wọn tó wà l'Ábújá mú nípa ẹ̀mí. Kò sẹ́ni tó béèrè bí aríran náà ṣe ń bá aya rẹ̀ gbé, tàbí bóyá ó ń gbọ́ ìbáwí. Bí Kérésìmesì ti dé, ọkọ̀ àwọn ọmọ ò wọ ìlú mọ́, ìyá á máa dá jẹun. Bẹ́ẹ̀ 1 Kọ́ríńtì 14:29 ní kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí wọ́n bá gbé irú ìran bẹ́ẹ̀ wá bá yín, ẹ mú un lọ síwájú alàgbà méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ mọ ìwà wọn nínú ilé. Bí aríran náà bá sì kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yẹ ọ̀rọ̀ òun wò, ẹ má gbà á.